Ọwọ́ Ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ejò Oníṣẹ́kẹ́rẹ́

Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tó wà ní New York fi ń ṣe ọdún Iléyá. N kò sọ èyí láti fi yangàn. Bí ọdún bá ti ń súnmọ́, fóònù rẹ̀ kì í sinmi. Àwọn kan á gbéra láti àdúgbò wa ní Williamsbridge, ní Bronx, àwọn kan á wá láti Cambria Heights pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nínú mọ́tò ńlá, àwọn ará Tompkinsville á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè bá wa ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Bí a bá ti kírun ọdún tán, gbogbo wa á tẹ̀lé ara wa lọ sí oko rẹ̀ ní apá àríwá, lórí òkè, níbi tí ilé gogoro ti tán pátápátá tó ku igi àti àpáta.

Àwọn tó mọ ẹran pa wà láàárín wọn. Síbẹ̀, bí àgbò bá ti dùbúlẹ̀, oníkálukú á na ọ̀bẹ sí ẹ̀gbọ́n mi, á ní, "Alájì, ẹ bá mi fi ọwọ́ yín kàn án." Ẹ̀gbọ́n mi á ká apá jalabíà rẹ̀ sókè, á kọjú ẹran sí Kíbúlà, á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ojú àgbò náà, á dárúkọ Ọlọ́hun, ọwọ́ ọ̀tún á sì kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹran kì í jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó nu ojú rẹ̀ nígbà tó rí bó ṣe rọrùn tó. Ó ní bí bàbá òun ṣe ń pa á nílé nìyẹn.

Dẹ́rẹ́bà takisí ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀. Ó wa mọ́tò káàkiri ìlú yìí títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gan, títí ó fi di pé bó bá jókòó nílé láti wo tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á ṣì máa tẹ búréèkì lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sì mọ bí ara ènìyàn ṣe ń kọ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ háyà ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyá òyìnbó kan lórí òkè kí òun máa sin àgbò níbẹ̀, mo bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìyàwó rẹ̀ kò bá wa dúpẹ́. Òun náà ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, kò sì fẹ́ràn ibi tí kò ti sí iná títì. Ó pè mí sí kíṣìnì.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè. Ṣé torí kí wọ́n lè wá di Fúlàní darandaran ni a ṣe wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ láti pálọ̀. Ó dáhùn pé Fúlàní Amẹ́ríkà sàn ju dẹ́rẹ́bà Amẹ́ríkà lọ, ó ṣe tán àwọn àgbò kì í lu fèrèsé kí wọ́n ní kí òun tètè yà sápá òsì. Báyìí ló lọ. Á wà lóko láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, á sì padà sí Bronx fún ìrun Jímọ̀. Bí èmi bá ní ìsinmi, mo máa ń lọ ràn án lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tó sọ fún wa nípa ejò. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀ tí ewé ń rú, à ń tún ọgbà àgbò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, mo bá gbọ́ nǹkan kan bíi pé ẹnì kan ń mi àgbàdo gbígbẹ nínú agolo. Mo rò pé ẹ̀rọ ìyá onílẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró bí òpó. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi gbá mi láyà pé n kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀. Ejò kan wà lórí àpáta níwájú rẹ̀. Ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó jábọ́ tí òjò ti pa, ó ká jọ, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì nàró, ó ń gbọ̀n débi pé ojú kò lè mú un. Rattlesnake ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Láti ọjọ́ náà, àwa ń pè é ní oníṣẹ́kẹ́rẹ́.

Ọmọ ọdẹ ni wá. Ní abúlé wa lẹ́yìn Ìbàdàn, bàbá wa ni wọ́n ń ké sí bí ọká bá wọ oko ẹnikẹ́ni. Bàbá kì í jẹ ẹran rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n kò sí olóko tó pè é tí kò jẹ́. Á fi igi tó la ẹnu méjì tẹ ọrùn ejò náà mọ́lẹ̀, á fi àdá gé orí rẹ̀. Ohun kan wà tí kì í fi ṣeré: kì í fi orí ejò sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Á dúró títí ara ejò náà kò fi ní í yí mọ́, á gbẹ́ ihò tó jìn, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí náà sínú rẹ̀, á tẹ iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa fi ń rìn lóko nígbà náà, bàbá sì máa ń sọ pé eyín ejò tó ti kú kò mọ̀ pé òun ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń bá a gbẹ́ ihò náà. Èmi kéré, ilé kéwú ni mo máa ń wà.

Ìyá onílẹ̀ ló bá wa pe obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko igbó. Obìnrin náà wọ bàtà tó dé orúnkún, ó mú ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lẹ́nu àti korobá onídèérí. Ó gbé ejò náà bí ẹni ń gbé aṣọ tútù kúrò nínú omi, ó rọra sọ ọ́ sínú korobá. Ó ṣàlàyé fún wa pé òfin kò gbà kí a pa á. Ó ní ní ayé àtijọ́ àwọn ará òkè náà máa ń dọdẹ wọn, wọ́n á lọ ká wọn mọ́ ẹnu ihò, wọ́n á kó wọn sínú àpò, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní báyìí, ẹni tó bá rí i kí ó pe òun. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ibo ló ń gbé e lọ. Ó ní kò jìnnà, torí bí a bá gbé irú ejò yìí jìnnà, kò ní í mọ ihò tí yóò sùn sí bí òtútù bá dé, yóò sì kú.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ìwọ náà gbọ́, àbí? Wọ́n ń bójú tó ejò kí ó má bàa ṣìnà lójú òtútù. Ta ló bójú tó wa nígbà tí àwa dé?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó pa òfin náà mọ́. Ó kọ́ láti bá àwọn ejò náà gbé. Ó mọ àwọn àpáta tí wọ́n máa ń yáàrùn lórí wọn láàárọ̀, ó mọ̀ pé bí oòrùn bá mú, wọ́n á wọ abẹ́ àpáta. Ó máa ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ níwájú kó tó kọjá. Kì í ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tí kò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n kọ́ wa ní ilé kéwú pé ejò tí a bá bá nílé, kí a kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un, nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́ ṣẹ́kẹ́rẹ́ yẹn, á dúró, á ní, "Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, bá tìẹ lọ, kí èmi náà bá tèmi lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Amẹ́ríkà ni o. Kò gbọ́ Yorùbá."

Ó ní, "Àwọn ọmọ tèmi náà kò gbọ́, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ bí mo bá ń bínú."

Ní ìgbà tí ewé pọ́n, obìnrin ìjọba yẹn mú wa gun òkè lọ wo ihò wọn. Ó ti mọ̀ wá dáadáa nígbà náà, ó tilẹ̀ ti jẹ ẹran Iléyá lọ́dọ̀ wa. Ó ní kí a má súnmọ́ jù. Àpáta ńlá kan ló là, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí i, àwọn oníṣẹ́kẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀, àgbà àti ọmọdé, dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n sùn lé ara wọn lórí bí okùn tí ẹnì kan kó jọ. Kò sí èyí tó mi ìrù. Obìnrin náà sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀, pé ihò tí ìyá wọn sùn sí ni ọmọ máa ń wá sùn sí, kí wọ́n lè jọ la òtútù já.

Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń pa ejò. Wò wọ́n. Wọ́n kọ́wọ̀ọ́ rìn. Àwa ni a kò kọ́wọ̀ọ́ rìn."

Mo mọ ohun tó ń rò. Bàbá wa ti kú kí ìwé wa tó jáde ní orílẹ̀-èdè yìí, a kò sì lè lọ sílé. Ojú fóònù ni èmi àti òun ti wo bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ bo bàbá, nínú yàrá tí a jọ háyà ní Bronx, tí a rọra tẹ́ ẹní ìrun sílẹ̀ kí aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ má bàa fi igi lu àjà. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń pa ẹran fún àwọn èèyàn bí bàbá ṣe ń pa á, mo gbà pé ọ̀nà tó fi ń sin bàbá nìyẹn.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, Iléyá bọ́ sí ìgbà tí àwọn ejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ihò. Ẹnu ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́yìn ọgbà àgbò, ẹ̀gbọ́n mi sì ti tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa wọ ẹrẹ̀ bí a bá ń ṣe àlùwàlá. Oníṣẹ́kẹ́rẹ́ kan yan abẹ́ òkúta náà láàyò. A mọ̀ ọ́n nítorí ìrù rẹ̀ ti gé díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pe obìnrin ìjọba, ó wá, ó gbé e lọ. Ó padà wá. Obìnrin náà tún wá, ó tún gbé e lọ, ó fi ọwọ́ lu ìdérí korobá rẹ̀, ó ní olóríkunkun ni. Ó tún padà. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní onílé wa.

Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń súnmọ́, àwàdà tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ á kó ọmọ wá. Àwọn ọmọ náà á bọ́ bàtà, wọ́n á sáré lọ síbi omi, torí wọ́n fẹ́ràn omi náà ju ìrun lọ. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù, mo sì gbọ́, pé bí ejò bá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ lóko rẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi ròyìn fún ìyá ọmọ.  Ẹ̀gbọ́n mi tún pe obìnrin ìjọba. Obìnrin náà ní òun wà níbi tó jìnnà, òun á dé bí ilẹ̀ bá mọ́.

Èmi wà lóko lọ́jọ́ náà. A ti kírun Àìlá, à ń fọ ọpọ́n tí àwọn àgbò fi ń mu omi. Nígbà tí Àlàásárì tó, ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi ẹ̀rọ omi. Mo gbọ́ ṣẹ́kẹ́rẹ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kìlọ̀ bó ṣe máa ń kìlọ̀, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni ń bẹ àgbà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ irin lára òkúta.

Kí n tó dé ibẹ̀, orí ejò náà ti yà kúrò lára rẹ̀. Ara rẹ̀ ń ká, ó ń tú. Àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Ó ní, "Ó ti gbọ́ ìkìlọ̀ tó. Àwọn ọmọ ń bọ̀."

Mo bi í pé kí la máa sọ fún obìnrin ìjọba. Ó ní òun fúnra òun á pè é, òun á sọ òtítọ́ fún un, òun ò ní í purọ́ ní oṣù ọlọ́wọ̀. Ṣùgbọ́n kí òun kọ́kọ́ sin orí náà, kí ẹsẹ̀ ọmọ má bàa tẹ̀ ẹ́. Ó fi ẹnu àdá gbẹ́ ihò. Ó jìn dáadáa. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń wo ara ejò náà títí tí kò fi mira mọ́, bí bàbá wa ṣe máa ń wò ó. Ó dúró sí i lẹ́yìn ìyẹn pàápàá. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ìka méjì mú orí náà.

Ẹnu rẹ̀ là. Kò sí ìrù tó lè mì. Ó yí ara rẹ̀ nínú ìka ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dì mọ́ ìdí àtàǹpàkò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó ní, "Ìnná lílàhí," bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ẹnì kan kú nílé. Ó fi ẹ̀yìn àdá já orí náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó dìde, ó ti tú okùn tí wọ́n fi ń so àpò oúnjẹ àgbò, ó ti ń we é mọ́ òkè ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó fi eyín fa ẹnu okùn náà, ó fi igi kékeré kan sí i, ó ń lọ́ ọ títí okùn náà fi wọnú ẹran.

Mo sọ fún un pé kó má so ó, pé ibi iṣẹ́ wa ti kọ́ wa pé a kì í so ó, ká kàn máa sáré lọ sí ọsibítù. Ó wò mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ejò? Gbogbo ẹni tí bàbá so ló yè."

Òtítọ́ ni. Wọ́n yè. Ọkùnrin kan wà ní abúlé wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbẹ bí igi títí ó fi dàgbà, tó ń fi ọ̀pá rìn, gbogbo ìgbà tó bá sì kọjá níwájú ilé wa ló máa ń dúró kí bàbá wa, ó máa ń dúpẹ́ pé bàbá gba òun lọ́wọ́ ọká. Bàbá á ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló pa ẹsẹ̀ náà.

Fóònù kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́ lórí òkè yẹn, kò sì ṣiṣẹ́ lásìkò náà. Mo gbé e sínú mọ́tò, mo sì ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà náà ń yí, igi wà lápá ọ̀tún, igi wà lápá òsì. Ọwọ́ rẹ̀ ń wú, ó ń dán, ó pọ́n, ó wá ń dúdú láti ìka. Ó ń ka Yáásín lábẹ́ ohùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tú okùn. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo fi ọwọ́ kan fa á, ó gbá ọwọ́ mi kúrò, ó ní bí òun bá tú u, àyà ni oró náà máa gbà. Àgbà mi ni. Òun ló mú mi wá sí ìlú yìí. Mo tẹ mọ́tò.

Ní ọsibítù tó wà nísàlẹ̀ òkè, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gé okùn náà. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa oró ejò, ọkọ̀ aláìsàn sì gbé wa lọ sí ọsibítù tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ìyàwó rẹ̀ bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ Fúlàní kankan. Ó wo ọwọ́ náà lójú kan, bí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń wo nǹkan, mo sì rí i ní ojú rẹ̀ pé ó ti mọ ohun tí dókítà kò tíì sọ.

Wọ́n retí kí ẹ̀jẹ̀ padà sínú ìka wọ̀nyẹn. Kò padà. Oró ejò ṣe tirẹ̀, okùn ṣe tirẹ̀, dókítà ní òun kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi lókè ọrùn ọwọ́, ibi tí okùn wà gan-an. Nígbà tó jí, fóònù rẹ̀ ń dún lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́, wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn gbéra lọ sí oko. Ó ní kí n pa á.

Ó wá bi mí pé, "Ọwọ́ mi dà?"

Mo rò pé kò tíì mọ̀. Ó mọ̀. Ohun tó ń bi mí ni ibi tí wọ́n gbé e sí, torí ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé ohun tó bá kúrò lára ènìyàn, ilẹ̀ la fi í fún. Mo lọ béèrè. Wọ́n fi sùúrù dá mi lóhùn pé ó ti lọ síbi tí wọ́n ń sun irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé bí a bá ti sọ ṣáájú ni, àwọn ì bá fi í sílẹ̀ fún wa. Nínú gbogbo ohun tí a rò lọ́jọ́ náà, ìyẹn kò wá sí wa lọ́kàn. Nígbà tí mo padà sí oko láti lọ fún àwọn àgbò lóúnjẹ, orí ejò náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó gbẹ́ fún un. Mo fi ṣọ́bìrì gbé e, mo sin ín. Orí ejò rí ilẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò rí i.

Obìnrin ìjọba wá kí i. Kò sọ̀rọ̀ òfin. Ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní ó yẹ kí òun ti wá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó tilẹ̀ tọrọ àforíjì nítorí ejò náà. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí náà wá, gbogbo wọn ló ń sọ pé ká dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀mí. Mo dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́ títí di òní, lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, torí mo mọ̀ pé bí oògùn yẹn kò bá sí ni, ì bá ti kú. Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé ọpẹ́ ló ń mú oore pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mo ti ń dúpẹ́ fún ohun tó kù lára rẹ̀ láti ìgbà náà, n kò sì rí i kó pọ̀ sí i. Ó ń dínkù. Mo máa ń dé ibi kan nínú àdúà mi tí ahọ́n mi á dúró. Mo fẹ́ béèrè pé ọwọ́ tó ń dárúkọ Rẹ kó tó ṣiṣẹ́, ọwọ́ tó fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ eyín ejò, ṣé òun ló yẹ kó lọ? N kì í béèrè. Mo máa ń ṣe àmín, mo máa ń ká ẹní.

A kó àwọn àgbò fún àgbẹ̀ kan tó wà níwájú sí i lórí òkè náà, ẹ̀gbọ́n mi sì padà sí Bronx. Nígbà tí Iléyá mìíràn ń bọ̀, ó pè mí, ó ní òun fúnra òun ló máa pa àgbò òun. Àlùfáà wa ti sọ fún un pé ẹni tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún, tòsì rẹ̀ tó, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo pọ́n ọ̀bẹ náà fún un títí irun ọwọ́ mi fi ń gé lára rẹ̀.

Oko àgbẹ̀ yẹn ni a lọ. Àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n kúnlẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó na ọ̀bẹ sí i. Nígbà tí ó kan tirẹ̀, wọ́n yí wa ká. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù mú ọ̀bẹ, kò wá sí èyí tí yóò fi bo ojú ẹran, èmi ni mo bò ó. Ó dárúkọ Ọlọ́hun, ohùn rẹ̀ já gaara. Ọwọ́ òsì náà lọ, kò sì kọjá. Àgbò náà ké, ó ta ẹsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi tún gbìyànjú. Ẹ̀jẹ̀ ta sí wa láṣọ. Àwọn tó dúró yí wa ká ti ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Gbà á." Mo gba ọ̀bẹ, mo parí rẹ̀.

Ó dúró títí ẹran náà fi dákẹ́. Ó ní, "Ó jìyà," kò sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó lọ jókòó sínú mọ́tò, ó sì wà níbẹ̀ títí a fi pín ẹran tán.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá ẹnikẹ́ni jẹun mọ́. Abọ́ kan ni a fi tọ́ wa, gbogbo ọmọ bàbá kan, ọwọ́ ọ̀tún sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì kan oúnjẹ, bàbá á lé e kúrò nídìí abọ́, torí iṣẹ́ ọwọ́ òsì yàtọ̀. Àlùfáà ti bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti sunkún. Ó gbà pé òdodo ni wọ́n ń sọ, kò sí èyí tó bá wọn jiyàn lé lórí. Ìyàwó rẹ̀ ní ó máa ń dúró kí òun lọ síbi iṣẹ́ ná kó tó gbé oúnjẹ rẹ̀ kaná.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń lọ kí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ti na ọwọ́ sí bẹ́ẹ̀lì kí n tó gbọ́ ìró ṣíbí nínú abọ́. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń kọlu etí abọ́, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo dúró sí kọ́rídọ̀ náà, mo ń fi ìka ka tẹ̀síbà. Obìnrin ará Jàmáíkà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù ọjà, ó bi mí bóyá kò sí ẹnì kan nínú ilé ni. Mo ní ó wà ńbẹ̀, mo kàn ń sinmi ni. Ṣíbí dákẹ́. Mo gbọ́ omi, mo gbọ́ tí ó fọ abọ́ náà, tí ó gbé e sí ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Mo tún dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i. Mo wá tẹ bẹ́ẹ̀lì.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì gbójú sókè. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

N kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Mo ní, "Mo ti jẹun, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti yó."

"Èmi náà," ni ó wí, a sì jókòó.